Ìlẹ̀kẹ̀ Mẹ́fà Nínú Abọ́

Ọjọ́ Ajé, 10 Jánúárì, 1977

Morákinyọ̀ ló ń kọ ọ́. Tíṣà ni, yàrá kẹta nínú ilé mi ní Igbudu ló ń gbé, ọdún kẹsàn-án rèé. Èmi kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi iyọ̀ sí i, kó má yọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un.

Nọ́ọ̀sì Rosemary ní ọsibítù ló ní ká ṣe ìwé yìí. Ó ní gbogbo oúnjẹ tí mo bá jẹ lójúmọ́ ni kí ẹnì kan máa kọ sílẹ̀ títí dókítà ojú yóò fi dé. Òyìnbó ni dókítà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wá síbí láti ṣí awọ funfun kúrò lójú àwọn tó bá ti bò. Ó ń bọ̀ ní 23 Máàṣì. Tó bá ti lọ, ó tún di Òkítóbà.

Ojú mi ọ̀tún ti lọ. Tòsì ṣì ń ríran, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń wòde láti inú àwọ̀n ẹ̀fọn ni. Ní Òkítóbà tó kọjá wọ́n ti gbà mí, wọ́n ní èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe ní Máàṣì. Kílò mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo wọ̀n nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni Olúgbémiga ọmọ mi wá gbé mi lọ lo ìsinmi ní Èkó. Ilé iṣẹ́ epo ló ń bá ṣiṣẹ́. Warri níbí ló wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ rẹ̀. Lónìí tí mo gun orí ìwọ̀n, ó di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Rosemary da ìtọ̀ mi sínú oògùn kan tó dúdú bí aró, ó sè é lórí iná. Ó ní tí kò bá sí ṣúgà nínú ìtọ̀, aró náà kò ní yí padà. Tèmi pọ́n bíi bíríkì.

Ó wá sọ ohun méjì fún mi. Èkíní, tí ṣúgà bá wà lára, ojú ọ̀bẹ kò ní jiná, ẹyin ojú yóò rà. Èkejì, tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ẹ̀yìn ni wọn yóò fi mí lélẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kò sí ìrọ̀rí, àpò yanrìn létí ọ̀tún àti tòsì, n kò gbọdọ̀ mira, n kò gbọdọ̀ wúkọ́. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì kó rí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọ̀rá fi fún mi lọ́rùn. Mo dìde jókòó, mo ń mí hẹlẹ bí ewúrẹ́ tí ajá lé. Ó ní, "Mama, seventy-eight. And make this thing stay blue." Kílò méjìdínlọ́gọ́rin ni kí n wọ̀n, kí aró sì dúró bí aró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di Òkítóbà.

Ní Òkítóbà, ojú òsì náà yóò ti lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ni mò ń sín. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe é ní ìlú yìí, ìyàwó tí n kò sín tirẹ̀ láti ibí dé Orhuwhorun kò pọ̀. Ọjọ́ tí n kò bá rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, Olúgbémiga yóò wá kó mi lọ Èkó pátápátá, yóò fi mí jókòó sórí àga, wọn yóò máa bu oúnjẹ fún mi. Àga ló pa ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ojú ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ fún un. Tíṣà, kọ ìyẹn dáadáa.

Oúnjẹ òní: ẹbà, lẹ́ẹ̀kan, ní ìrọ̀lẹ́.

Ìṣẹ́gun, 11 Jánúárì

Ẹbà lẹ́ẹ̀kan. Oògùn ṣúgà tí Rosemary fún mi, hóró kan.

Ọjọ́bọ̀, 13 Jánúárì

Ọyẹ́ mú. Ètè là. Sàlíhátù wá wò mí. Ará Abẹ́òkúta ni, àlùbọ́sà ló ń tà, a ti ń bára wa bọ̀ láti ìgbà tí ọkọ àwa méjèèjì wà láyé. Ó yí mi po, ó ní, "Ìwọ yìí, o mà sanra o. Ọmọ tọ́jú ẹ." Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ń di apá mi mú bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà.

Ní Èkó, n kì í dìde. Tí mo bá fẹ́ dìde, wọn á ní, "Ẹ jókòó, Màmá." Kúùkù yóò gbé àwo wá, yóò gbé e lọ, yóò tún gbé òmíràn dé. Ọkọ̀ ló ń gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì tí mo lè fi òkò bà láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìró mi kò ká mi mọ́, mo rò pé alágbàfọ̀ ló sún un kì. Adébùkọ́lá ìyàwó ọmọ mi kò jiyàn, ó ra tuntun fún mi, èyí tó fẹ̀. Ènìyàn rere ni. Ká ní ènìyàn burúkú ni, n kì bá tí sanra.

Ẹbà lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, 17 Jánúárì

Ìwọ̀n: mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Kò yẹ̀. Ìtọ̀ pọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́.

Ọjọ́rú, 19 Jánúárì

Mo gé ẹbà sí méjì, mo jẹ ìdajì. Inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ Ajé, 24 Jánúárì

Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó lé.

Rosemary ní kí Tíṣà ka ìwé yìí fún òun ní èdè òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kà á. Ẹbà lẹ́ẹ̀kan, ẹbà lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ẹbà. Ó gbé ìgò ìtọ̀ sókè, ó ní, "Mama, either this book dey lie or this urine dey lie. And urine no sabi lie."

Wọ́n kò pè mí ní òpùrọ́ rí láti ìgbà tí mo ti dé Warri, ọmọ tí mo lè bí sì ni. Mo ní kò sí irọ́ nínú ìwé mi. Tíṣà náà ní òun lè fi Bíbélì búra. Ó wo àwa méjèèjì, ó pa ìwé dé. Ó ní Ọjọ́rú ni ìsinmi òun, òun ń bọ̀ wá jókòó tì mí láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ní kó wá.

Ọjọ́rú, 26 Jánúárì

Ó wá. N kò tíì fọ ẹnu tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n fún òun ní abọ́ tánganran kan, kí n bu ẹ̀kúnwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ fún òun, kì í ṣe iyùn o, àwọn onígíláàsì. Ó gbé abọ́ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo mu tíì, ó ju ìlẹ̀kẹ̀ kan sínú abọ́. Mo fi búrẹ́dì panu, ó ju òmíràn. N kò bi í léèrè. Iṣẹ́ ló wà níwájú mi: ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó Lucy, ọmọ Orhuwhorun, tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn Àjíǹde. Abọ́ iyùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, abọ́ ẹ̀pà wà lọ́wọ́ òsì, bó ṣe máa ń wà. Mò ń sín, mò ń jẹ ẹ̀pà kí oorun má gbé mi. Abọ́ Rosemary ń dún kíń, kíń.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ẹnìkan láti ìta gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín wá, mo tọ́ ọ wò. Tíṣà dé láti ilé-ìwé, a po gáàrì tútù sínú abọ́ ńlá kan, a da ṣúgà sí i, àwa méjèèjì mu ún. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé rẹ̀. Mo ní, "Kọ ọ́ pé n kò tíì jẹun láti àárọ̀." Ó kọ ọ́. Omi gáàrì ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Rosemary ní kó ka ohun tó kọ. Ó kà á. Rosemary da abọ́ nù sórí ẹní. Mọ́kànlá.

Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Tíì kì í ṣe oúnjẹ. Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ. Gáàrì mímu ni a fi ń dá ebi dúró kí oúnjẹ tó dé. Ẹ̀pà, iṣẹ́ ló wà fún. Ìrẹsì pàápàá, ohun tí à ń jẹ níbi àríyá ni. Tíṣà fi ohùn kíláàsì tì mí lẹ́yìn, ó ní láàárín tiwa, ẹni tí kò bá tíì gbé òkèlè, kò tíì jẹun, bí a sì ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Rosemary wò mí, ó wo Tíṣà, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ orí ẹní. Ó ní, "So all this one na wetin? Decoration?"

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ ańkáṣíìfù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kí n tó fi ọwọ́ kan ẹbà, ìlẹ̀kẹ̀ náà ti di mẹ́tàdínlógún. Mo fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ronú kan Èkó, kúùkù àti àwo rẹ̀, àti ẹ̀rọ amómitutù tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi tí mo máa ń ṣí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá. N kò rí abọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ tibẹ̀ yóò wọ̀.

Òfin tó fún mi rèé. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà lójúmọ́, kò gbọdọ̀ lé. Omi kò ní ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀fọ́ tí kò ní epo kò ní ìlẹ̀kẹ̀. Ṣúgà, rárá. Ẹbà kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù mi lọ. Kí n máa rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti ilé dé ìpẹ̀kun ọjà Igbudu, kí n padà.

Ọjọ́bọ̀, 27 Jánúárì

Mẹ́fà. Orí ń fọ́ mi. Ọwọ́ òsì mi ń lọ síbi tí abọ́ ẹ̀pà máa ń wà láìjẹ́ pé mo rán an.

Ọjọ́ Ajé, 31 Jánúárì

Márùndínláàádọ́rùn-ún. Ìtọ̀ ṣì pọ́n, ṣùgbọ́n Tíṣà ní kò dà bíi bíríkì mọ́, ó dà bí epo pupa.

Ọjọ́bọ̀, 3 Fẹ́búárì

Ìrìn yìí ti di ọ̀rọ̀. Ní Igbudu, àgbà obìnrin kì í rìn lọ́wọ́ òfo. Tó bá dé ìpẹ̀kun ọjà tí kò ra nǹkan, tó sì yí padà, orí rẹ̀ ló dàrú tàbí ẹnìkan ló kú. Lánàá ènìyàn mẹ́rin bi mí pé, "Mama, where you dey go?" Ìkarùn-ún tẹ̀lé mi dé ilé kó lè bá mi kẹ́dùn. Láti òní mo ń ru agbada òfo lórí bí ẹni tó ń lọ ra gáàrì. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 5 Fẹ́búárì

Ìkómọ ní ojúlé kejì. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún mi. Mo ní mo ti yó. Ìyá ọmọ wò mí tìfuratìfura. N kò dá a lẹ́bi, bí a kò bá jẹ oúnjẹ ìkómọ ẹni, kí ni a ń rò sí i? Mo gba àwo náà, mo súre, mo jẹ ṣíbí kan lójú rẹ̀, mo di ìyókù sínú ewé. Tíṣà jẹ ẹ́. Òun kò ní abọ́ ìlẹ̀kẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 7 Fẹ́búárì

Mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo wọ̀n ní Òkítóbà, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo wọ̀n lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀ ló kù.

Ọjọ́ Ajé, 14 Fẹ́búárì

Méjìlélọ́gọ́rin. Ìtọ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Mo dùbúlẹ̀ láìsí ìrọ̀rí, Tíṣà ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọrùn fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 17 Fẹ́búárì

Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yìí rọ̀, páànù ń ró, a kò gbọ́ ìró ọkọ̀ tó dúró. Awakọ̀ Olúgbémiga ni. Ó já páálí márùn-ún sílẹ̀: mílíìkì inú agolo páálí méjì, ṣúgà oníhóró, bisikíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ní ọ̀gá òun ní kí Màmá máa tọ́jú ara. N kò lè dá a padà. Tí mo bá dá a padà, Olúgbémiga yóò béèrè ìdí. Mo kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàlíhátù, a tì í mọ́ ẹ̀yìn àpò àlùbọ́sà. Sàlíhátù ní, "Ohun tí yóò pa ẹ́ lo gbé wá sọ́dọ̀ mi yẹn?" Mo ní kó má jẹ ẹ́ nígbà náà. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 Fẹ́búárì

Mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìtọ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ìró mi àtijọ́ ti ká mi.

Kò sẹ́ni tó ń di apá mi mú ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Lánàá, obìnrin kan tí èmi àti rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ bi mí bóyá ọmọ mi ti fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mò ń kú lọ, wọ́n ń kí mi kú oríire. Ní báyìí tí ara ń bọ̀ sípò, wọ́n ń dárò mi.

Ọjọ́rú, 2 Máàṣì

Tíṣà kò fẹ́ kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́. Mo lọ ra àlùbọ́sà lọ́dọ̀ Sàlíhátù. Ó jáde lọ kírun. Mo fi ìṣó lu agolo mílíìkì kan, mo gbé e sẹ́nu, mo mu ún tán ní ìdúró. N kò kábàámọ̀ títí mo fi dé ilé. Mo ju ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin sínú abọ́ fún un, mo sì fi méjì tó kù sùn.

Ọjọ́ Ajé, 7 Máàṣì

Ọgọ́rin géérégé. Ìtọ̀ ní àwọ̀ ewé. Rosemary fọwọ́ gbá mi léjìká. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ní ìdùbúlẹ̀.

Àìkú, 13 Máàṣì

Olúgbémiga ti lọ. N kò lè jẹ́ kí Tíṣà kọ nǹkan kan nígbà tó wà níbí.

Ní ọjọ́ Ẹtì ló dé, kò fi tó ẹnikẹ́ni létí. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ lẹ́tà sí i pé ìyá rẹ̀ ń rù. Ó wọlé, kò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tó fi gbé apá mi sókè bí ẹni gbé apá adìẹ. Ó ní, "Màmá, ta ló ń fi ebi pa yín?" Tíṣà wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ó wo Tíṣà títí Tíṣà fi dìde lọ sí yàrá rẹ̀.

Adébùkọ́lá ti di ìkọ́kọrẹ́, ẹran díndín àti àkàrà òyìnbó sínú kúlà. Olúgbémiga gbé e síwájú mi, ó jókòó tì mí. Ọmọ tó rin ìrìn láti Èkó, tó gbé oúnjẹ dání, tí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́, èpè ni ìyá yẹn fi í ṣẹ́. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo jẹ ẹ́ ní Àbámẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn, n kò ní purọ́. Ó ń wo ọwọ́ mi láti àwo dé ẹnu.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ó ní kí n di ẹrù, òun yóò gbé mi lọ ní ọ̀la. Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ Lucy kò tíì parí. Ó ní èló ni ìlẹ̀kẹ̀ náà, òun yóò san án fún wọn. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé e níyàwó ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ojú bàbá rẹ̀ wò mí. Ó gbé abẹ́rẹ́ àti òwú láti inú abọ́ mi, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ fi òwú bọ̀ ọ́ kí n rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti wò yín."

N kò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí ìfura.

Fìtílà wà lẹ́yìn mi, mo rí ọwọ́ ara mi bí òjìji. Abẹ́rẹ́, n kò rí i rárá. Mo fi òwú sẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú eyín, mo fi ìka àtàǹpàkò wá ojú abẹ́rẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bú òwú pé kò dára, pé òwú ayé ìsinsìnyí kò dà bí ti àtijọ́. Mo tún un lá. Mo gbé abẹ́rẹ́ sí ètè ìsàlẹ̀ mi bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lẹ́yìn mi ní ọmọ ọwọ́, mo fi ahọ́n ṣamọ̀nà òwú. Ó wọlé. Mo sín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tẹ̀lé e láìwo ilẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀ owó gáàrì.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní lẹ́yìn Àjíǹde nígbà náà, òun yóò padà wá gbé mi. Mo ní kó rìn ire. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá kọ́nà, mo na ọwọ́ sí abọ́ iyùn, n kò rí etí rẹ̀, mo gbá a, iyùn dà sílẹ̀. Tíṣà ló ṣà á.

Ọjọ́ Ajé, 14 Máàṣì

Méjìlélọ́gọ́rin. Ìtọ̀ ti padà sí àwọ̀ ọsàn. Rosemary kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi mí bóyá ọmọ mi ló ṣe èyí tàbí èmi. Mo ní èmi ni, ẹnu mi ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ìṣẹ́gun, 15 Máàṣì

Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 16 Máàṣì

Ìlẹ̀kẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rìn dé ìpẹ̀kun ọjà.

Ọjọ́bọ̀, 17 Máàṣì

Mo ṣubú pẹ̀lú agbada lórí níwájú ṣọ́ọ̀bù Sàlíhátù. Òógùn tútù bò mí, ayé ń yí. Sàlíhátù bọ́ mi ní ìdajì ọsàn, ó ránṣẹ́ pe Rosemary. Rosemary wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Kò gbé ohùn sókè, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó ní ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀, pé òun ti sin ẹnìkan rí tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pa ìka mi dé mọ́ wọn. Ó ní, "Six na six, Mama. No be seven. No be two."

Àbámẹ́ta, 19 Máàṣì

Mẹ́fà. Mo rìn. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní láìsí ìrọ̀rí, Tíṣà ń ka ìwé ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sókè kí n má bàa ronú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. N kì bá tí dìde bí kò bá jẹ́ pé ìṣirò náà ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ajé, 21 Máàṣì

Mọ́kàndínlọ́gọ́rin àti díẹ̀. Àwọ̀ ewé.

Ìṣẹ́gun, 22 Máàṣì

Òjò láti òwúrọ̀. Mo ru agbada, mo ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. Àwọn ayálégbé yọjú, wọ́n tilẹ̀kùn. Mẹ́fà.

Ọjọ́rú, 23 Máàṣì

Ènìyàn mọ́kànlá ni a wà lórí bẹ́ńṣì. Dókítà náà ga, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó tan iná sí mi lójú, ó sọ ọ̀rọ̀ sí Rosemary, Rosemary sì mú mi lọ sí ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi gé yàrá.

Orí ìwọ̀n: ó kọjá méjìdínlọ́gọ́rin díẹ̀. Rosemary ní kí n bọ́ gèlè. Ó ṣì kọjá. Mo bọ́ ìró òkè. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ìgbà yẹn ni mo rántí bẹ̀bẹ̀ ìdí mi. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni, ìyá mi ló sín in, ó ti wà lára mi láti ìgbà tí mo ti ń ṣe omidan, mo fi bí ọmọ, mo fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ. N kò bọ́ ọ rí. Mo ní kí Rosemary fún mi ní àlùmọ́gàjí. Mo gé okùn náà fúnra mi, mo mọ ibi tí kókó rẹ̀ wà láìwò ó. Ó wúwo lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fi lé Rosemary lọ́wọ́, mo tún dúró.

Ó ní, "Seventy-eight." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

Wọ́n wá se ìtọ̀. Ibi tí mo jókòó sí, iná nìkan ni mo rí. Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà, mo bi í pé àwọ̀ wo ni. Ó na ọrùn síbi iná. Mo tún bi í. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tutù ná, Màmá." Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Mo ti ń ro bí n ó ṣe máa dé orí àga Èkó, ìhà ibo ni n ó ní kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Tíṣà wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sí níbi tó máa ń wà. Ó ní, "Aró ni. Aró gidi ni, Màmá."

Dókítà ní kí n dùbúlẹ̀ láìsí ìrọ̀rí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. N kò mira. Mo ń ka ìlẹ̀kẹ̀ nínú ọkàn mi, mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, 24 Máàṣì, òwúrọ̀

Lórí ibùsùn ọsibítù. Èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ mú wọlé. Wọ́n ti ta oògùn sí ojú òsì tí wọn yóò ṣe, n kò rí Tíṣà, mo kàn ń gbọ́ báírò rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ báyìí, kí ó ṣe é bí mo ṣe tò ó.

Tíṣà, lọ sọ fún Sàlíhátù lónìí kó tó pa ṣọ́ọ̀bù dé. Kó pín páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ. Mo mọ̀ pé mẹ́rin ló kù. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ̀karùn-ún tán.

Lọ sí Orhuwhorun ní ọ̀la, sọ fún ìyá Lucy pé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ti wọ òwú, ó ku kókó ìkẹyìn. Kí ẹnikẹ́ni má ta kókó náà. Èmi ni n ó ta á, tí wọ́n bá ti kó àpò yanrìn kúrò létí mi.

Tẹ wáyà sí Adébùkọ́lá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe sí ilé. Sọ fún un pé kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ ló ṣe mí. Sọ fún un pé kó ra abọ́ tánganran kan, kó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Mo wo ikùn ọmọ mi nígbà tó wà níbí. Ojú mi kò ríran, ṣùgbọ́n ikùn náà kò pamọ́.

Olúgbémiga ni kí ẹ sọ fún kẹ́yìn, ní ọjọ́ kẹfà, bóyá ojú là tàbí kò là. Òótọ́ ni kí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kó jẹun tán kí ẹ tó sọ ọ́, kí ó má sì tàn yín pé òun kò tíì jẹun. Ẹ ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ná.